Ijala, Ilé Ìkẹyìn Àwọn Olú Warri

Ọ̀pọ̀ ìjọba tí ó pẹ́ láyé ní ilẹ̀ adúláwọ̀ ni ó ní ilẹ̀ kan tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọba wọn tí wọ́n ti wàjà, ilẹ̀ tí àgbẹ̀ kì í dáko sí, tí ọdẹ kì í dẹ̀gbẹ́ dé, tí ọmọdé kì í ṣẹ́gi ìdáná níbẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé bí àlejò bá béèrè ẹni tí ó ni ín, ohun tí àwọn onílé yóò sọ fún un ni pé àwọn tí ó ni wá ni ó ni ilẹ̀ náà. Àwọn Ọ̀yọ́ ní Bàrà ní ayé àtijọ́. Ifẹ̀, orírun gbogbo wa, ní ju ẹyọ kan lọ. Àwọn Itsekiri, ọmọ olómi, tí wọ́n tẹ̀dó sáàrin àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń yọ sókè lójú ẹrẹ̀, níbi tí odò Ọya ti ya ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó wọ inú òkun, ní Ijala. Ìtàn Ijala yìí, tí kò bá ìjálá àwọn ọdẹ tan rárá, ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ó dá mi lójú pé ìtàn ilé ni fún ẹnikẹ́ni tí ó ń fọ èdè Yorùbá, kì í ṣe ìtàn ará òkèèrè.

Ẹni tí ó bá ti tẹ́tí sí èdè Itsekiri rí, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí Ondó tàbí Ìlàjẹ, kò ní pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ìyekan òun ni ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ èdè náà kà á mọ́ ẹbí Yorùbá, òun pẹ̀lú èdè Igala tí ó wà lókè odò. Ṣùgbọ́n adé tí ó wà lórí Olú, ọba àwọn Itsekiri, kò ti ilẹ̀ Yorùbá wá tààrà. Ìbíní ni ó ti wá, adé Ìbíní náà sì ti Ifẹ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí Ifẹ̀ àti ọ̀pọ̀ àgbà Ìbíní jọ ń sọ, pé Ọ̀rànmíyàn ọmọ Odùduwà ni ó bí Eweka tí ó kọ́kọ́ jẹ Ọba níbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá tọ ipa ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó sùn sí Ijala lọ sẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ Ginuwa, Olú kìíní, dé ọ̀dọ̀ Olua baba rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ Olua dé ọ̀dọ̀ Ewuare Ńlá, títí lọ, ìdí ọ̀pá òkúta tí ó dúró ní Ifẹ̀, tí gíga rẹ̀ ju mítà 5 lọ, tí a ń pè ní Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ni ìrìn wa yóò parí sí.

Kí Ginuwa tó dé, ènìyàn ti wà lórí omi náà. Irigbo, Omadino, Inorin àti Ureju jẹ́ ibùdó àwọn apẹja, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀, láìsí adé kan tí ó kó gbogbo wọn sábẹ́ ìbòòji. Èyí kò gbọdọ̀ bọ́ lẹ́nu ẹni tí ń pìtàn, nítorí pé ọba ni ó dé bá ìlú, ìlú kọ́ ni ó dé bá ọba.

Ohun tí àwọn àgbà Itsekiri ń sọ ni pé ní ìwọ̀n ọdún 1480, nígbà tí Olua wà lórí ìtẹ́ Ìbíní, ó ní àrẹ̀mọ kan tí ń jẹ́ Ginuwa, tí àwọn ìjòyè kò fẹ́ràn, tí wọ́n sì ti pinnu nínú ọkàn wọn pé kò ní gun orí ìtẹ́ baba rẹ̀ lójú àwọn. Ifá ti fọhùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọba mọ̀ pé ẹni tí ìlú bá kọ̀, ààfin kò lè gbà á là. Ó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ni ó bá dá ọgbọ́n kan: ó ní kí wọ́n gbẹ́ àpótí ńlá kan, igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe é, ó ní ètùtù ni a fẹ́ gbé lọ sí etí òkun, pé Ginuwa ni yóò ṣáájú, àti pé kí àkọ́bí àwọn ìjòyè bá a lọ. Wọ́n ní àádọ́rin ọmọ ìjòyè ni ó bá a wọ àpótí náà. Nígbà tí àwọn baba wọn yóò fi fura pé ètùtù kọ́, pé ìjọba tuntun ni ọba gbé jáde nílé lójú àwọn gbangba, àpótí ti bọ́ sójú omi, odò sì ti gbé e lọ. Wọ́n rán ogun tẹ̀lé e. Ogun orí ilẹ̀ kò sì lè ṣe nǹkan kan fún ẹni tí omi ti gbà.

Àwọn kan nínú àwọn tí ń kọ ìtàn lóde òní a máa ka àpótí yìí sí àlọ́. Èmi kò bá wọn ṣe é. Ẹni tí ó bá ti rí ọkọ̀ ńlá tí a gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo, tí a fi ẹní àti imọ̀ bo orí rẹ̀ kí òòrùn àti òjò má baà pa àwọn tí ó jókòó sínú rẹ̀, yóò mọ̀ pé kò jìnnà rárá láti ibi ọkọ̀ dé ibi àpótí, àti pé ẹnu àwọn baba tí ń sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ọmọ kò ní láti rìn jìnnà kí ọ̀kan tó di èkejì. Bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn.

Ginuwa kò gúnlẹ̀ sí Ijala ní tààrà. Ó dé Ugharegin, ó kọjá sí Efurokpe, ó dé Amatu létí òkun, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó tún ṣí lọ sí Oruselemo. Lẹ́yìn náà ni ó tó wá sí Ijala, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ Ijijen àti Irame, àti ìyókù àwọn ọmọ ìjòyè tí wọ́n ti di baálé ilé lójú àjò. Ní ibẹ̀ ni ó ti darúgbó. Àwọn àgbà ní ìrìn àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ilé tí Ginuwa ìbá padà sí ti di ti arákùnrin baba rẹ̀, Ozolua, tí ó gorí ìtẹ́ lẹ́yìn Olua, kò sì sí àyè fún un mọ́ níbẹ̀. Ní ìwọ̀n ọdún 1510 ni ó wàjà, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí Ijala, tòun ti oyè Ogiame tí a fi ń pe Olú títí di òní, ọba tí omi ń forí balẹ̀ fún.

Ijijen tí ó gba ipò baba rẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Ó kó ààfin lọ sí Ode-Itsekiri, tí àwọn òyìnbó wá ń pè ní Big Warri lẹ́yìn náà, nítorí pé erékùṣù náà tóbi, ó sì rọrùn láti fi omi ṣe odi rẹ̀. Irame jọba lẹ́yìn Ijijen. Ààfin ṣí, ṣùgbọ́n ibojì kò ṣí. Láti ìgbà náà ni ìjọba Itsekiri ti ní ìlú méjì: Ode-Itsekiri tí Olú ti ń jọba, àti Ijala tí Olú ń padà sí, ẹni tí wọ́n bá sì fi adé sí lórí ní ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ yóò gbé e lọ sí èkejì lọ́jọ́ kan ṣá. Mo rò pé nínú gbogbo ìjọba tí ó wà ní gúúsù ilẹ̀ wa, díẹ̀ ni a ti lè rí ìlú alààyè àti ìlú òkú tí wọ́n fara mọ́ ara wọn pẹ́ tó báyìí láìjẹ́ pé ogun tàbí ìṣílọ ya wọ́n. Ọ̀yọ́ Ilé tú nígbà ogun Fúlàní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Bàrà rẹ̀ sì di ahoro pẹ̀lú rẹ̀; Ijala kò tú.

Ohun tí ó mú Ijala yàtọ̀ jù lọ ni pé igi ni wọ́n fi ń sàmì sí ibojì Olú. Bí a bá tẹ́ Olú kan sílẹ̀, a ó gbin igi sí ibẹ̀, igi náà ni yóò sì máa jẹ́rìí sí i fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ogún Olú ni wọ́n ti jọba kí èyí tí ó wà lórí oyè lónìí tó dé, láti ọdún 1480 sí ọdún 2020. Ẹni tí ó bá wọ Ijala pẹ̀lú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò ka ìtàn ìjọba láti ìdí igi dé ìdí igi. Igi kan kì í dágbó ṣe. Àwọn igi wọ̀nyí, nípa dídúró papọ̀, ti di igbó, igbó náà sì ti di ìwé.

Èéṣe tí ó fi jẹ́ igi? Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ náà kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí òkúta níbẹ̀. Láti Warri títí dé etí òkun, ẹrẹ̀ àti iyanrìn tí odò Ọya kó wá láti òkè ni gbogbo ilẹ̀, omi òkun sì ń wọ inú àwọn odò kéékèèké lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó ń kún, ó ń fà. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún pọ̀ púpọ̀. Bí o bá fi erùpẹ̀ mọ òkìtì gíga lórí ọba rẹ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òjò kò ní pẹ́ kí ó tó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Bí o bá ri òpó sí i, ikán àti ìrà yóò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n omi kan náà tí ń ba òkìtì jẹ́ ni igi ń mu tí ó fi ń dàgbà. Àwọn baba tí wọ́n ronú kan igi kò ṣe é nítorí àìní. Wọ́n wo ilẹ̀ wọn, wọ́n mọ ohun tí ilẹ̀ náà lè pa mọ́, wọ́n sì fi ọba wọn lé e lọ́wọ́. Àwa náà tí a wà lókè ilẹ̀ kò ṣàìmọ irú ọgbọ́n yìí: pèrègún ni a ń gbìn sí ojúbọ àti sí ààlà, ewé akòko ni a ń fi joyè, igi akòko náà kì í sì í jìnnà sí ojú oórì àwọn ẹni ńlá.

Ọ̀nà kan kò wọjà. Ní ilẹ̀ tí ó gbẹ, níbi tí òjò kò ti pọ̀, òkìtì ni àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ lórí ọba wọn. Al-Bakri, tí ó jókòó sí Cordoba ní ilẹ̀ Sípéènì kọ ìwé rẹ̀ ní ọdún 1068, ròyìn pé bí ọba Ghana àtijọ́ bá wàjà, wọn a fi igi kọ́ ilé olórí rìbìtì kan sí ibi ibojì, wọn a gbé ọba lé orí ẹní àti tìmùtìmù nínú rẹ̀, wọn a kó ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, ohun ìjà rẹ̀, àwo tí ó fi ń jẹun àti ife tí ó fi ń mu tì í, wọn a sì mú àwọn tí ń gbọ́únjẹ fún un wọlé tì í. Lẹ́yìn náà ni wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a da ẹní àti aṣọ bò ó, gbogbo ìlú a sì máa kó erùpẹ̀ lé e lórí títí yóò fi di òkìtì gíga, wọn a wa yàrà yí i ká. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ka èyí yóò rántí àwọn abọ́bakú wa, kò ní kà á sí ọ̀rọ̀ àjèjì. Ní ọdún 1904, ọ̀gágun Faransé kan tí ń jẹ́ Louis Desplagnes gbẹ́ òkìtì El-Oualedji lẹ́bàá odò Ọya ní ilẹ̀ Mali, ó sì bá iyàrá onígi nínú rẹ̀ pẹ̀lú òkú ènìyàn méjì. Ní Senegal àti Gambia, òkúta ni wọ́n to yí òkìtì ibojì ká, ó ju ẹgbẹ̀rún kan òbìrìkítì òkúta lọ, àjọ UNESCO sì fi díẹ̀ nínú wọn sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní ọdún 2006. Ní orílẹ̀-èdè tiwa gan-an, lẹ́bàá ìlú Katsina, àwọn òkìtì Durbi Takusheyi wà níbẹ̀, tí àwọn Hausa ní ti àwọn ọba ìṣáájú wọn ni. Herbert Palmer, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ́kọ́ wa díẹ̀ nínú wọn ní 1907, nígbà tí wọ́n sì tún un wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n bá wúrà àti àwo bàbà tí ó ti ilẹ̀ Lárúbáwá wá lára àwọn òkú.

Àwọn òyìnbó tí wọ́n mú òfin ìdáàbòbò wá fún wa pàápàá kò kọ́kọ́ ronú nípa ààfin tàbí ilé olódi nígbà tí wọ́n fẹ́ dáàbò bo ohun àtijọ́ ilẹ̀ wọn. Nínú àwọn ohun tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1882 kọ́kọ́ dárúkọ, òkìtì ibojì àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwọn òkìtì tí ó wà láàrin oko tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ ẹni tí ó sùn sábẹ́ wọn mọ́. Ní ọdún 1939, wọ́n gbẹ́ òkìtì kan ní Sutton Hoo, wọ́n sì rí i pé ọkọ̀ ojú omi odindi kan, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 27, ni wọ́n gbé wọ ilẹ̀ fún ẹni ńlá tí ó ni ibẹ̀. Igi ọkọ̀ náà ti jẹrà, ìṣó irin rẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́kù lójú iyanrìn, ara ọba náà sì ti yọ́ pátápátá. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, Ginuwa ni mo rántí, ọba tí igi gbígbẹ́ gbé la omi já. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ará Sutton Hoo kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé báyìí ni orúkọ ọba àwọn. Àwọn onímọ̀ ni ó ń méfò rẹ̀. Itsekiri mọ orúkọ tiwọn láti orí ẹni kìíní.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Ifẹ̀, nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ibì kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Òrun Ọba Adó, tí ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé nǹkan ara àwọn Ọba Ìbíní wá sin sí, kí ọmọ lè padà sọ́dọ̀ baba. Frank Willett, awalẹ̀pìtàn kan, wa ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó bá ọ̀pọ̀ kòtò, èédú tí ó wà nínú wọn sì fi hàn pé ènìyàn ti lo ilẹ̀ náà láàrin ọ̀rúndún kẹfà sí ìkẹwàá. Bí ìtàn Òrun Ọba Adó bá rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, nígbà náà àwọn baba Ginuwa a máa padà sílé nígbẹ̀yìn. Ginuwa ni ó kọ́kọ́ dá àṣà náà dúró lórí ara tirẹ̀. Ó sùn sí ibi tí ó ti kú, ibi tí ó sùn sí sì di Ifẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ní tèmi, ibí yìí gan-an ni ìjọba Warri ti di òmìnira, kì í ṣe ọjọ́ tí àpótí kúrò ní Ìbíní.

Ẹ̀sìn tuntun dé láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Ní àwọn ọdún 1570 ni àwọn àlùfáà Àgùdà gbéra láti erékùṣù São Tomé wá sí Ode-Itsekiri, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọba kan tí ó jọba lẹ́yìn náà pẹ̀lú orúkọ Sebastian. Sebastian rán ọmọ rẹ̀ Domingos lọ sí ilẹ̀ Pọtogí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ọmọ náà kàwé ní Coimbra, ó fẹ́ obìnrin Pọtogí kan, ó sì padà wá jọba gẹ́gẹ́ bí Atuwatse Kìíní. Ọmọ tí obìnrin náà bí, Antonio Domingos, jọba lẹ́yìn rẹ̀. Wo bí ó ti yani lẹ́nu tó: ní ayé ìgbà náà, ọmọ Olú ti jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Coimbra. Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní Ode-Itsekiri, àgbélébùú wà lórí adé. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n wá itẹ́ mìíràn fún Olú. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ìtàn wọn ń tọ́ka sí i pé Ijala ni gbogbo ìgbà náà ń ṣàn lọ.

Ní ọdún 1848 ni nǹkan dojú rú. Akengbuwa, Olú kẹrìndínlógún, wàjà, àwọn tí ì bá sì jọba lẹ́yìn rẹ̀ kú ní kíákíá tẹ̀lé e. Ìlú pín, àwọn olówó orí omi kó àwọn ènìyàn wọn lọ dá ibùdó tiwọn sílẹ̀, owó epo pupa tí àwọn òyìnbó ń san sì mú kí olúkúlùkù rò pé òun lè dá dúró láìsí adé. Ó gba ọdún 88 kí Itsekiri tó tún ní Olú. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn ni Nana Olomu dìde, tí ó di gómìnà odò, tí ọwọ́ rẹ̀ tó òwò odò Benin. Òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Ebrohimi, ìlú rẹ̀, mọ́ lórí ní ọdún 1894, tí wọ́n sì lé e lọ sí Gold Coast títí di 1906. Dogho, tí òyìnbó ń pè ní Dore Numa, ni agbára bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi kú ní 1932.

Ọdún 88 kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí Akengbuwa wàjà lè ti darúgbó kí ó sì kú láìfojú kan Olú rí. Àwọn ìjọba mìíràn wà tí wọ́n tú ká láàrin ìdajì irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kí ni ó di Itsekiri mú tí wọn kò fi gbàgbé? Àwọn ìdí mìíràn wà, ẹ̀bùn àwọn ìjòyè wà níbẹ̀, èdè wà níbẹ̀; ṣùgbọ́n ó hàn sí mi pé ilẹ̀ kan tí ó ṣì ń pe orúkọ ọba mẹ́rìndínlógún kò lè jẹ́ kí ènìyàn rò pé ìjọba ti parí. Nígbà tí wọ́n sì tún fi ọba jẹ ní ọdún 1936, orúkọ tí Olú tuntun náà mú ni Ginuwa, Ginuwa Kejì: ó kọjá gbogbo orúkọ Pọtogí àti ti Itsekiri tí ó wà láàrin, ó lọ mú orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sí Ijala. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Erejuwa Kejì jọba ní 1951, tí ìṣèlú yọ ọ́ nípò ní 1964, tí wọ́n sì dá a padà ní 1966. Atuwatse Kejì gorí oyè ní 1987. Nígbà tí òun náà wàjà ní 2015, ọ̀nà Ijala kan náà ni wọ́n gbé e gbà. Ikenwoli tẹ̀lé e, kò sì pẹ́ púpọ̀; Atuwatse Kẹta, Olú kọkànlélógún, gba adé ní Ode-Itsekiri ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ariwo "Ogiame, suo!" sì gba orí omi kan.

Ilẹ̀ Warri jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti bá ara wọn du púpọ̀, èmi kò sì wá gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú aáwọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ Itsekiri, Urhobo àti Ijaw ti ta sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Ní ọdún 1976, ẹjọ́ ilẹ̀ kan tí ó ti Warri gan-an wá, ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà, àwọn adájọ́ sì là á sílẹ̀ pé ọ̀nà márùn-ún ni ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kà ni ìtàn ìran, ohun tí àwọn baba fi ẹnu sọ fún àwọn ọmọ. Ìdájọ́ yìí ni gbogbo kóòtù wa ń tẹ̀lé títí di òní. Òfin ìjọba gbà, nígbà náà, pé ìtàn ẹnu jẹ́ ẹ̀rí. Bí ìtàn ẹnu bá sì ní ibi tí ó fìdí kalẹ̀ sí, tí ó ṣeé fi ọwọ́ kàn, a mọ̀ pé ẹ̀rí náà yóò le sí i.

Orílẹ̀-èdè yìí ti ní òfin fún irú ibẹ̀ láti ọdún 1953, a sì tún un ṣe ní 1979 nípa òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin tí ó dá àjọ tí ń ṣe àbójútó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Ibi méjì péré ni UNESCO tí ì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún wa, Sukur ní 1999 àti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní 2005. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé nínú méjèèjì, àwọn tí ó ni ibẹ̀ ti ń ṣọ́ ọ kí ìwé òfin tó dé, ìwé kàn wá fi ọwọ́ sí ohun tí èèwọ̀ ti ṣe ni. Báyìí náà ni Ijala rí. Èèwọ̀ ni ó ti ń ṣọ́ ọ fún 500 ọdún.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí èèwọ̀ kò lè dá dúró, ohun náà ni epo. Ilé ìfọpo Warri tí wọ́n ṣí ní 1978 wà ní àdúgbò náà. Ubeji, Ifie-Kporo, Aja-Etan àti Ijala-Ikenren ni àwọn ìletò tí ó yí i ká. Gbogbo ẹni tí ó mọ agbègbè Delta mọ ohun tí epo rọ̀bì ń ṣe bí ó bá wọ inú omi: ó ń bo gbòǹgbò igi mọ́lẹ̀ tí atẹ́gùn kì í fi í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, igi a gbẹ láti ìsàlẹ̀, a sì pẹ́ kí òmíràn tó lè hù níbẹ̀. Níbi òkìtì tàbí níbi òkúta, epo lè ṣàn kọjá kí ibojì sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ní Ijala, igi ni ibojì. Bí igi bá kú, àmì ọba kan ti kú. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ Ijala, èmi kò sì rò pé ìmọ̀ kankan wà tí a lè rí nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà tí ó tó ìtìjú tí yóò tìdí rẹ̀ wá. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò nílò ọkọ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Delta àti àjọ àbójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jókòó pẹ̀lú ààfin Olú, kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì fi ààlà rẹ̀ sínú ìwé, kí ilé iṣẹ́ epo kankan má lè sọ pé òun kò mọ̀. Kí àwọn tí ètò fún láyè láti wọ ibẹ̀ kọ irú igi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti orúkọ Olú tí ó ni ín, nítorí pé igi náà ń gbó, ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ sì ń gbó jù ú lọ. Bí wọn kò bá fẹ́ kí ìwé náà jáde síta, kí wọ́n tì í mọ́ inú àpótí ààfin, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́. Kí àwa tí a wà lókè ilẹ̀, tí Bàrà wa wà nínú igbó ọba Ọ̀yọ́ Ilé tí ọ̀pọ̀ wa kò dé rí, ṣe bákan náà fún tiwa. Ìwọ náà tí o ń ka ìwé yìí, bí o bá ní baba àgbà tàbí ìyá àgbà ní Ode-Itsekiri, ní Omadino, tàbí ní ìletò èyíkéyìí tí ó sún mọ́ Ijala, mú gègé àti ìwé dání, kí o lọ bi wọ́n léèrè lọ́sẹ̀ yìí.